Irin Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀ ní Okokomaiko

Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń ròyìn òkè òkun, yìnyín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Wọ́n á ní òtútù mú àwọn débi pé etí àwọn fẹ́ẹ̀ já bọ́. Èmi náà lọ sí òkè òkun, àmọ́ òkun kankan kò sí láàárín, yìnyín kò sì sí níbẹ̀. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mo ti lọ, Okokomaiko ní Èkó ni mo gúnlẹ̀ sí. Bí ẹyẹ bá fò láti ilé bàbá mi láàárọ̀, yóò débẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Síbẹ̀, òkè òkun ni, nítorí pé àwọn òyìnbó ti fa ìlà kan sáàárín wa kí wọ́n tó bí bàbá mi. Wọ́n fún àwa ará ìhín ní búrẹ́dì gígùn, wọ́n fún àwọn ará ọ̀hún ní búrẹ́dì onígun mẹ́rin, wọ́n sì ní kí kálukú máa fi tirẹ̀ yangàn.

Mo ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ físíìsì nígbà náà. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Ìjọba wa kò rí owó oṣù san fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àwa tí a tò sẹ́nu ọ̀nà. Mo bá sọdá.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ìgbà tí mo dé àárín àwọn Yorùbá gan-an ni mo dẹ́kun láti jẹ́ Yorùbá. Nílé, Yorùbá ni mí. Ní Okokomaiko, Kùtọnu ni mí. Kì í ṣe ará Kùtọnu o. Kùtọnu gan-an, bí ẹni pé gbogbo ìlú náà, tòun ti ọjà àti etíkun rẹ̀, ló wọ ṣòkòtò kan ṣoṣo tó ń rìn bọ̀. N kò tilẹ̀ gbé Kùtọnu ju ìgbà tí mo fi wà nílé ìwé lọ. Bí mo bá sọ Yorùbá, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ nínú ìwé, ẹ̀rín náà á le sí i. Faransé mi nìkan ni wọn kì í rẹ́rìn-ín sí; ìyẹn, wọ́n á ní kí n tún un sọ kí àwọn ọmọ wọn lè gbọ́. Obìnrin tó ń ta ògì lẹ́nu ọ̀nà wa bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n lè sọ èèyàn di ewúrẹ́. Mo ní n kò rí i rí. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní bóyá wọn kò tíì fi hàn mí ni.

Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ ń jẹ́ Injiníà Káyọ̀dé. Ilé ìwé kankan kọ́ ló fi í jẹ injiníà. Òun ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́, ó sì ti wà lórí oyè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń pè é ní Injiníà nídìí ọbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gba orin sílẹ̀ fún àwọn akọrin ìjọ, pàápàá àwọn ìjọ aláṣọ funfun tó wà káàkiri Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Sitúdíò rẹ̀ jẹ́ yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Páálí ẹyin ló fi bo ògiri rẹ̀ kí ariwo òde má baà wọlé, ó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé *Ìró Ayọ̀ Sound Worldwide*. Tí àwa méjèèjì bá wà nínú Worldwide náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sórí sípíkà kí ilẹ̀kùn tó lè tì.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó kọ́ mi níṣẹ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ká wáyà tí kò fi ní lọ́, àti bí a ṣe ń gbé máìkì sí iwájú akọrin tí ohùn rẹ̀ dára ju ti àwọn yòókù lọ láìjẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé ó ṣi orin kọ. Ó ní olórin kì í ṣì í kọ, máìkì ló máa ń ṣì í gbọ́. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ni làífù, èyí tí a ń gbà sílẹ̀ nínú ìsìn gan-an, lójú gbogbo ìjọ. Nínú sitúdíò, bí ẹnì kan bá wúkọ́, wọ́n á tún orin náà kọ. Nínú làífù, ikọ́ náà ti di ara orin títí ayé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá mi ti ṣe, nǹkan kan wà lábẹ́ orin tó ń dún hùùù bí eṣinṣin tó há sínú akèrègbè. Mo bi í léèrè ohun tó jẹ́. Ó ní béèsì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, lẹ́yìn tí a bá ti kó ẹrù sílé, mo máa ń lọ dúró létí títì ní Okokomaiko. Àwọn kọ̀ǹdọ́tọ̀ á máa pe èrò: Badagry, Sẹ̀mẹ̀, Sẹ̀mẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe Sẹ̀mẹ̀, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ gbéra, nítorí pé ibodè wa nìyẹn. Màá ní kó fara balẹ̀. N kò mọ ẹnì kankan tí mo lè bá sọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi ń ṣe báyìí.

Ilé ìpè tẹlifóònù kan wà nítòsí oríta náà. Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, á wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kétu láàárọ̀ Saturday tí a bá ti dá, èmi náà á sì tò sórí ìlà níbí. Igbe ni èèyàn ń ké sínú fóònù ìgbà náà kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ, nítorí náà kò sí àṣírí. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ló mọ̀ pé ẹ̀yìn ń ro ìyá mi. Ọkùnrin kan tilẹ̀ bi mí lọ́sẹ̀ kejì bóyá ìyá mi ti lo oògùn.

Ní ọjọ́ Saturday kan, bàbá mi ní àyè olùkọ́ físíìsì ti ṣí sílẹ̀ ní ilé ìwé girama ìlú wa. Ọ̀rẹ́ òun ni ọ̀gá ibẹ̀, ó sì lè di àyè náà mú dè mí títí ilé ìwé á fi wọlé. Ó wá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Èkó gan-an. Mo ní mò ń gba orin sílẹ̀.

"Ìwọ lò ń kọ ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ lò ń lu ìlù?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá kù?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀. Ìkórè ìjọ kan ń bọ̀ ní Ìbà, ọ̀gá mi sì ti ṣèlérí pé èmi nìkan ni màá ṣe làífù ọjọ́ náà, orúkọ mi á sì wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì. Ìdí tó fi gbà ni pé wọ́n ti fi òun sára àwọn àlejò pàtàkì, àlejò pàtàkì kì í sì í ká wáyà. Mo sọ fún bàbá mi pé màá fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́. Bí ó bá gbọ́ ọ tán tó ní kì í ṣe iṣẹ́, màá padà wálé wá kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ó ní òun gbà. Bàbá mi kì í yẹ àdéhùn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ìjọ náà kò jìnnà sí Housing Estate. Bí gbogbo ìjọ aláṣọ funfun, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọ ibẹ̀, títí kan ẹni tó wá tẹ́ wáyà. Ní ọjọ́ ìdánrawò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni. Mo dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù láìwọ bàtà, mo na ọwọ́ mú máìkì, iná sì gbé mi. Kò gbé mi ṣubú, àmọ́ ó jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan ní Faransé tí kò yẹ ilé Ọlọ́run. Àwọn akọrin rọra ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan láàárín wọn, ìyàwó sójà láti Cantonment, fa áńkáṣíìfù kan yọ láti inú súútánà rẹ̀, ó sì fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi í wé ọrùn máìkì kí wọ́n tó dì í mú. Gbogbo wọn ló ní tiwọn. Ti Ìyá Ìjọ, tó máa ń dá orin àkọ́kọ́, ní òdòdó tí a fi abẹ́rẹ́ ṣe sí etí rẹ̀.

Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn kó tó dá mi lóhùn. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ nínú ìjọ pé ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò jẹ́wọ́ ni máìkì náà máa ń gbé. Láti ìgbà náà, tó bá gbé èèyàn, onítọ̀hún á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì máa bá orin lọ. Ta ló fẹ́ pariwo?

Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun kan náà ló ń dún hùùù nínú kásẹ́ẹ̀tì ọ̀gá mi. Iná tó bá jò sára ẹ̀rọ ń wá ọ̀nà wọ ilẹ̀ ni. Bí kò bá rí ọ̀nà, ẹsẹ̀ akọrin tí kò wọ bàtà ló máa gbà. Kí a ri irin mọ́lẹ̀, kí a so wáyà mọ́ ọn láti ara ẹ̀rọ, ó parí. Mo ti ya àmì rẹ̀ nínú ìdánwò rí: ìlà mẹ́ta tó tò sábẹ́ ara wọn. Máàkì tí mo gbà pọ̀. Àmọ́ n kò gbẹ́ ilẹ̀ rí láyé mi, nítorí ṣọ́ọ̀kì ni a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ lórí pátákó ní yunifásítì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, mo gba irin gígùn kan lọ́wọ́ wẹ́dà, mo ra èédú àti iyọ̀, mo sì lọ gbẹ́ ihò sẹ́yìn ògiri níbi tí àwọn akọrin máa ń dúró. Èmi kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé físíìsì kì í tọrọ àyè. Mo ri irin náà, mo da èédú yí i ká, mo wọ́n iyọ̀ sí i, mo bu omi lé e. Mo sì ń sọ ìlànà rẹ̀ sókè ní Faransé bí mo ti ń ṣe é, nítorí pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi. Aboyún kan jáde láti ilé àbíyè ìjọ wá sá aṣọ. Ó rí Kùtọnu tó lóṣòó nínú ọgbà Olúwa, tó ń wọ́n iyọ̀ sórí èédú, tó ń pe ọfọ̀ ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Kò pariwo. Ó rọra fi ẹ̀yìn rìn padà sínú ilé.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí àti ọ̀gá mi. Àwọn àgbà ìjọ jókòó nínú aṣọ funfun, Wòlíì wà láàárín. Alàgbà Fágbèmí, alága ìkórè, ló ń ṣe ìbéèrè. Ará Èkìtì ni, ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì ìjọba, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìpàdé kí ọ̀rọ̀ náà lè ní ìwúwo. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Yorùbá kí a lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí lo sin síbẹ̀?"

"Irin ni, sà."

"Kí ló wà pẹ̀lú rẹ̀?"

"Èédú àti iyọ̀, sà."

"Kí ni iṣẹ́ tó ń ṣe?"

"Kí ohun tó ń gbé àwọn èèyàn níbi máìkì má gbé wọn mọ́ ni."

"Ta ni ohun náà?"

"A kì í fojú rí i, sà. Inú wáyà ló ń gbà wá. Tí kò bá rí ọ̀nà wọ ilẹ̀, inú ara èèyàn ló máa gbà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Òyìnbó kan ni, sà, ní Kùtọnu."

Alàgbà méjì sún àga wọn sẹ́yìn. Alága ìkórè ní ṣé tí wọ́n bá ti sin ín báyẹn, ó parí náà nìyẹn. Ó yẹ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó kàwé kì í mọ ìgbà tó yẹ kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá, sà. Ẹ ó máa bu omi fún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Mo ń gbọ́ ara mi bí mo ti ń sọ ọ́. Ká ní èmi ni alàgbà, ǹ bá ti lé ara mi jáde. Wọ́n yíjú sí ọ̀gá mi, wọ́n ní òun tó jẹ́ injiníà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é? Ọ̀gá mi kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ẹni tó sì ti fi ara rẹ̀ jẹ oyè kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó wo àjà, ó ní nínú iṣẹ́ injiníà òde òní, wọ́n ti kọjá ibẹ̀. Wòlíì bá ní kí wọ́n hú u, kí wọ́n sì wá ẹlòmíràn tó máa gba orin ìkórè. Mo ti ń rí ara mi níwájú pátákó dúdú ní Kétu.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìjọ sọ̀rọ̀. Màmá arúgbó ni, òun ló ti ń gbẹ̀bí fún ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu níbẹ̀, torí ó gbẹ̀bí ọmọ wọn.

"Ọmọ mi, tí irin yẹn bá wà nílẹ̀, ṣé máìkì ò ní gbé mi mọ́?"

"Kò ní gbé yín mọ́, Màámi."

Ó yíjú sí àwọn àgbà. "Ó ti tó ìgbà wo tí mo ti ń fi áńkáṣíìfù di máìkì, tí mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún yín? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló tún kù? Mo ti jẹ́wọ́ èyí tí mo dá. Nígbà tí kò ṣíwọ́, mo jẹ́wọ́ èyí tí mi ò dá."

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Áńkáṣíìfù Alàgbà Fágbèmí yọ orí díẹ̀ nínú àpò rẹ̀, ó sì rọra tì í wọlé.

Màmá ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní kí n hú irin náà, kí n tún un rì lọ́jọ́ Saturday lójú gbogbo ìjọ. Tó bá jẹ́ oògùn, àdúrà á bà á jẹ́. Tó bá jẹ́ irin, irin á máa jẹ́ irin. Lẹ́yìn rẹ̀, èmi tí mo rì í ni màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ tútù di máìkì mú, láìwọ bàtà, láìsí áńkáṣíìfù.

Lọ́jọ́ Saturday, gbogbo wọn wá. Mo ní ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan ti tó, àmọ́ olúkúlùkù ló mú tirẹ̀ wá láti ilé, kó má baà dà bíi pé òun kò ní ìgbàgbọ́. Wọ́n da iyọ̀ sí ihò náà débi pé mo ṣiyèméjì bóyá koríko á tún hù níbẹ̀. Wòlíì gbàdúrà sí irin náà, ó gbàdúrà sí èédú, ó gbàdúrà sí wáyà. Alàgbà Fágbèmí sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè. Ọ̀gá mi dúró lẹ́nu géètì, níbi tí èèyàn ti lè tètè di ẹni tó kàn ń kọjá lọ.

Wọ́n bu omi sí mi lọ́wọ́. Wọ́n da omi sílẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ. Nígbà náà ni mo wá rántí pé èyí ni irin àkọ́kọ́ tí mo rì láyé mi, àti pé bí mo bá ta gìrì báyìí, kò ní sí físíìsì tó máa gbà mí. Mo di máìkì mú.

Kò sí nǹkan kan. Mo tún un dì mú gírígírí. Kò sí nǹkan kan. Kò tíì sí ohun tí mo fẹ́ràn láyé tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìjọ gba máìkì náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ó pa ojú dé, ó ń dúró de ohun tó ti máa ń wá. Kò wá. Ó gbé máìkì náà sẹ́nu, kò dá orin. Jẹ́jẹ́ ló sọ pé, "Ó ti lọ." Sípíkà gbé e jáde, àwọn ará Estate sì gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ìkórè náà sílẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ sétí, mo gbọ́ fáànù, mo gbọ́ ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́yìn, lẹ́yìn náà orin. Hùùù kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá mi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó ní mo ti sọ béèsì nù.

Wòlíì ní àdúrà ló ṣe é. Alàgbà Fágbèmí ní ìgbìmọ̀ ìkórè ló ṣe é. Ọ̀gá mi ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti mọ̀. N kò bá wọn jiyàn, nítorí pé àwọn ìjọ yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Wọ́n ní kí Kùtọnu wá rì í fún àwọn náà. Ìjọ kan wà lápá Ọ̀jọ́ tí kò ní iná, tí kò ní máìkì, àtùpà ni wọ́n ń tàn. Mo ṣàlàyé fún àgbà ibẹ̀ pé kò ní ṣe nǹkan kan fún wọn. Ó ní kò burú, kó máa wà níbẹ̀, kó máa dúró de iná. Mo rì í.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ibi tí wọ́n sin ìwọ́ ọmọ sí ni wọ́n ń pè ní ilé rẹ̀. Tèmi wà ní Kétu, lábẹ́ igi ọsàn kan. N kò ní ìwọ́ ní Okokomaiko, irin ni mo ní: ní Ìbà, ní Ọ̀jọ́, lẹ́yìn gbọ̀ngàn kan nínú Cantonment. N kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń yà láti wò wọ́n, mo máa ń bu omi fún wọn, bí ẹni tó ní oko. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Kùtọnu. Kìkì pé nígbà tí wọ́n bá pè é báyìí, wọ́n ń dúró kí n dáhùn.

Orúkọ mi wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, ní lẹ́tà kéékèèké, lábẹ́ ti ọ̀gá mi tó tóbi bí àkọlé ilé ìfowópamọ́. Mo fi í rán obìnrin oníṣòwò kan tó ń lọ sí Kétu. Nígbà tó di Saturday tí a dá, mo pe bàbá mi.

"A ti gbọ́ ọ," ni ó wí. "Èmi, ìyá rẹ, àti ọ̀gá ilé ìwé."

"Ẹ ṣé, sà."

"Wọ́n mọ orin kọ. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ìwọ. Ìyá rẹ fi etí lé rédíò títí, kò gbọ́ ọ."

"Bàbá, kí orin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibì kan wà tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. A rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ ni."

"Ibẹ̀ ni mo wà, sà."

Mo gbọ́ tó ń bá ìyá mi, tó tẹ̀ lé e wá, sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń tún un sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ní òun ló ṣe ibi tí a kò gbọ́ nǹkan kan yẹn. Ìyá mi sọ nǹkan tí n kò gbọ́. Bàbá mi padà sórí fóònù.

"Ìyá rẹ ní irọ́ ni mo pa, pé òun gbọ́ nǹkan níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí kí wọ́n tó gbé orin."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, wọ́n ń mí.

Bàbá mi wá ní kí n gbé fóònù sílẹ̀, òun fẹ́ tètè bá ọ̀gá ilé ìwé nílé, kí ó lè rí olùkọ́ físíìsì mìíràn kí ilé ìwé tó wọlé.